Ẹ̀rí Tí Ṣìkẹ́mi Kó Jẹ

Iṣẹ́ tí Ṣìkẹ́mi ń ṣe ní Warehouse Road kì í ṣe iṣẹ́ tí obìnrin pọ̀ nídìí rẹ̀. Tapólì ló ń rán, aṣọ líle tó nípọn tí àwọn awakọ̀ tírélà fi ń bo ẹrù kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ gùn tó ìka ọwọ́, òwú rẹ̀ sì le bí okùn bàtà. Ilẹ̀ ló máa ń jókòó sí lẹ́bàá ògiri ilé ìkẹ́rùsí kan, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ aṣọ náà lé itan, á sì máa rán an lọ títí oòrùn yóò fi kúrò lára ògiri. Ọdún kọkànlélógún rèé tó ti wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ kì í pe orúkọ rẹ̀, Ìyá Tapólì ni wọ́n ń pè é. Bó bá ní ọ̀la lòun máa parí iṣẹ́, ọ̀la náà ni. Bó bá ní aṣọ kan ti gbó kọjá àtúnṣe, ẹni tó ni ín á ká a, á wá òmíràn rà. Kò ní í gbé e lọ fún ẹlòmíràn kó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Yínúsà bàbá rẹ̀ fi èjìká ru àpò ìrẹsì àti sìmẹ́ńtì ní Kírìkirì títí agbára fi tán lára rẹ̀. Mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ ni. Ìyá rẹ̀ ló jẹ́ onígbàgbọ́. Nígbà tí Ṣìkẹ́mi pé ọmọ ogún ọdún, tó ní ọ̀nà ìyá òun lòun máa tọ̀, Yínúsà kò bínú. Ohun kan ṣoṣo ló sọ fún un: kó ṣe ẹ̀sìn tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó má fi orúkọ Ọlọ́run parọ́ láé, nítorí pé ẹni tí a fi orúkọ Ọlọ́run parọ́ fún kì í yẹ̀ ẹ́ wò kó tó gbé e mì.

Ìjọ kékeré kan tó wà ní ìtòsí Bọ́ńdárì ló ń lọ. Níbẹ̀ ló ti pàdé Omoefe, ọmọ Ùròbò tó ń ta òkìrìkà. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àkọ́bí wọn. Nígbà tí ọkọ Ṣìkẹ́mi kú, ogójì ọjọ́ gbáko ni Omoefe fi sùn tì í lórí ẹní, tó ń fi ipá bọ́ ọ lóúnjẹ bí ọmọ ọwọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ń wá ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀dọ̀ èkejì ló máa ń wò. Ṣìkẹ́mi ló ń kọ́ àwọn obìnrin ní ẹ̀kọ́ Bíbélì. Omoefe a jókòó sí iwájú, a máa bi í ní ìbéèrè tí kò retí.

Pásítọ̀ àgbà tó dá ìjọ náà sílẹ̀ kú, wọ́n sì rán Godstime wá rọ́pò rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún nígbà náà. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í jágbe mọ́ ènìyàn, kò sì pé oṣù mẹ́ta tó fi mọ orúkọ gbogbo ọmọ ìjọ àti ti àwọn ọmọ wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn, òun ni yóò kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, Ṣìkẹ́mi náà fẹ́ràn rẹ̀. Láàárín ọdún kan, bẹ́ǹṣì kò gba èrò mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to àga síta.

Ẹ̀kọ́ tó mú wá kò dé lójijì. Ó kọ́kọ́ ń wàásù pé Ọlọ́run ń wo àìsàn sàn, kò sì sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Nígbà tó yá, ó ní oògùn wà fún àwọn tí kò tíì mọ ẹni tí wọ́n jẹ́ nínú Kristi. Nígbà tó máa fi di ọdún kẹta, ó ti ń sọ ọ́ gbangba lórí pẹpẹ pé ẹni tí wọ́n bá ti gbàdúrà fún, tó tún lọ ń gbé oògùn mì, òpùrọ́ ló pe Ọlọ́run. Ohùn tútù yẹn náà ló fi ń sọ ọ́. Àwọn tó gbọ́ ọ kò mọ ìgbà tí wọ́n rékọjá ààlà.

Ṣìkẹ́mi wà lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a fínra láti ọdún mẹ́sàn-án, àràárọ̀ ló ń lo oògùn sí i. Ní Ọjọ́rú kan ní oṣù kìíní, níbi àdúrà ọ̀sán, Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí, orí tó ti ń fọ́ ọ látàárọ̀ sì dákẹ́ wẹ́lo. Ó délé, ó da gbogbo oògùn rẹ̀ sínú gọ́tà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó jáde síwájú ìjọ, ó ní láti Ọjọ́rú òun kò gbé oògùn kankan sẹ́nu, ara òun sì yá gágá. Kò parọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó gbà pé ó ṣẹlẹ̀ sí òun ló sọ. Ìjọ dìde, wọ́n jó, wọ́n sì sunkún. Ẹnìkan gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù, ẹ̀rí náà sì ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn ní gbogbo Ajégúnlẹ̀. Nítorí pé ẹnu Ìyá Tapólì ló ti jáde, àwọn tí kì í tètè gba ọ̀rọ̀ gbọ́ gba tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Pásítọ̀ tún pè é jáde pé kó wá sọ ọ́ fún àwọn àlejò.

Ní oṣù karùn-ún, ó ń rán tapólì lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ kó mú un, ọwọ́ kò ṣe é ká mọ́. Ilẹ̀ àti ògiri yí papọ̀ lójú rẹ̀. Obinna, ọkùnrin kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù, tó wá gba iṣẹ́ tó fi sílẹ̀, ló gbé e jù sínú mọ́tò tó sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ rí kò yé e. Ó ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i díẹ̀ ni, ẹnu á ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ á sì ti kú. Ṣìkẹ́mi sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ó gba oògùn, ó sì ń lò ó láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú agolo tó ń kó òwú sí ló ń tọ́jú oògùn náà sí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ bi í lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bóyá ara le, bóyá ẹ̀rí yẹn ṣì dúró. Ó ní ó dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kò sì gba ìṣẹ́jú. Ó rìn wọlé, ó jókòó, ó ṣí Bíbélì, ojú rẹ̀ kò sì rí nǹkan kan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yínúsà bàbá rẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ó wí fún ara rẹ̀ pé òun yóò sọ òtítọ́ tó bá yá, nígbà tí kò ní í da ìjọ rú. Àmọ́ ìjọ ti ń dàrú tẹ́lẹ̀.

Bàbá Dáhùnsí ló kọ́kọ́ dìde sí ẹ̀kọ́ náà. Alàgbà ìjọ ni, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ẹ̀rọ ìgbẹ́rù ní Kírìkirì. Oògùn tó ń kán sójú ni kò jẹ́ kó fọ́jú. Níbi ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì, ó rọra bèèrè pé ṣé Lúùkù, tó jẹ́ oníṣègùn, da oògùn rẹ̀ nù nígbà tó ń bá Pọ́ọ̀lù rìn, àti pé kí ló dé tí Pọ́ọ̀lù kò fi bá Tímótì wí nítorí inú tó ń run ún, tó jẹ́ pé ohun tó máa lò sí i ló júwe fún un. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ojú ẹran ara ni bàbá fi ń kàwé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ orúkọ Bàbá Dáhùnsí kúrò lára àwọn tó ń pín oúnjẹ Olúwa.

Láti ìgbà náà ni ìjọ ti pín sí méjì. Àwọn tó wà lẹ́yìn bàbá jókòó sápá òsì, àwọn ti Pásítọ̀ sápá ọ̀tún. Wọ́n ń kọ orin kan náà, wọn kì í sì í kí ara wọn lẹ́yìn ìsìn. Ilé kan wà tí ọkọ jókòó lápá kan, tí ìyàwó jókòó lápá kejì. Gbogbo ènìyàn mọ apá tí Ṣìkẹ́mi yóò wà, nítorí pé òun ni ẹ̀rí tí Pásítọ̀ ń nà síta. Ó jókòó síbẹ̀ lóòótọ́. Bàbá Dáhùnsí kò bá a bínú. Ó kàn máa ń wò ó ni, bí ẹni tó ń retí kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀ tó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kejìlá, Ṣìkẹ́mi gbọ́ pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Omoefe ti lọ sídìí ọjà rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó lọ wò ó láàárọ̀ Sátidé. Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Omoefe dùbúlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ìrọ̀rí, ó sì fi áńkáṣíìfù tí wọ́n gbàdúrà sí dì í. Bàtà ló bó o níka, ó ní kò tó nǹkan. Nígbà tí Ṣìkẹ́mi tú áńkáṣíìfù náà, ìka ẹsẹ̀ méjì ti dú bí èédú, dúdú náà sì ti ń gun òkè ẹsẹ̀ bọ̀. Ó pẹ́ tí Omoefe ti ní ìtọ̀ ṣúgà, Ṣìkẹ́mi sì mọ̀.

"Oògùn rẹ ń kọ́?" Ó bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ti ń sọ ìdáhùn fún un.

"Oògùn wo?" Omoefe ní. "Láti ọjọ́ tó o ti jẹ́rìí ni mo ti pa á tì. Mo ní bí Ọlọ́run bá ṣe é fún Ṣìkẹ́, á ṣe é fún èmi náà."

Ṣìkẹ́mi jókòó sórí sìmẹ́ńtì. Ó ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó mú agolo òwú jáde, ó ṣí i, ó sì kó páálí oògùn inú rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo ti padà sídìí ẹ̀ láti oṣù karùn-ún," ó ní. "Mo ṣubú níbi iṣẹ́, díẹ̀ ló kù kí n kú. Oṣù méje rèé tí mo ti ń lò ó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ fún ìwọ."

Omoefe wo oògùn náà títí. Ó mú páálí kan, ó yí i padà, ó rí àwọn ojú ibi tí wọ́n ti tú oògùn jáde, ó sì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó pe Queen, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà níta, ó ní, "Abẹ́g, lọ pe kẹ̀kẹ́ wá. Hospital ni mò ń lọ." Nígbà tí Ṣìkẹ́mi dìde pé kóun ràn án lọ́wọ́ kó dìde, Omoefe gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ìwọ má tẹ̀ lé mi," ó ní.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà kúrò nísàlẹ̀ orúnkún.

Ṣìkẹ́mi kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ó mọ ìlànà tí Olúwa fi lélẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ti fi kọ́ àwọn obìnrin: kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ ní ìwọ nìkan; bí kò bá gbọ́, mú ẹnìkan dání; lẹ́yìn náà ni kó o tó sọ ọ́ fún ìjọ. Nítorí náà, ó lọ bá Pásítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí abẹ́rẹ́ tó bọ́ títí dé orí ẹsẹ̀ Omoefe.

Godstime fi ọwọ́ bojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó sọ bó ṣe jẹ́ ọmọ ọdún méje ní abúlé wọn, tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí kò sí ilé ìwòsàn nítòsí, tí bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí òun sì dìde, tí òun béèrè oúnjẹ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣìkẹ́mi rí i pé kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un lẹ́ẹ̀kan ló sọ di òfin fún gbogbo ènìyàn.

"Mọ́mì," ó ní, "tẹ́ ẹ bá sọ eléyìí níta, ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nínú Olúwa á wó. Ẹ jẹ́ ká fi sínú àdúrà. Arábìnrin Omoefe, ẹ̀rù ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, mo rí i."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló gún Ṣìkẹ́mi lọ́kàn jù. "Pásítọ̀," ó ní, "ẹ máà di ẹ̀bi rù ú. Ó gbà mí gbọ́ ni. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló sì fi san án."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú Bàbá Dáhùnsí dání padà lọ. Pásítọ̀ kò yí ọkàn padà. Bí wọ́n ṣe ń jáde bọ̀, bàbá dúró lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Ṣìkẹ́mi," ó ní, "tó o bá máa sọ ọ́ níwájú ìjọ, tìẹ ni kó o kọ́kọ́ sọ. Má fi ẹ̀ṣẹ̀ Pásítọ̀ bo tìẹ mọ́lẹ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí àsìkò ẹ̀rí tó, Ṣìkẹ́mi dìde. Àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́ kó tó dé iwájú. Ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Ẹ̀rí tí mo jẹ́ níbí lóṣù kìíní," ó ní, "mo wá kó o jẹ. Àìsàn mi kò lọ. Mo ṣubú lóṣù karùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé mi dìde, oògùn ni mò ń lò títí dòní. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ti di irọ́, mo sì jẹ́ kẹ́ ẹ máa gbà á gbọ́, torí ojú ń tì mí. Omoefe gbà á gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Ọlọ́run ń wò wá sàn, mi ò sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sọ fún wa pé ká da oògùn nù. Àwa la sọ ọ́, a wá fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ti torí ọ̀rọ̀ mi pa oògùn tì, mo bẹ̀ yín, ẹ padà sídìí ẹ̀ lónìí."

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó máìkì na ọwọ́ kó pa á, Pásítọ̀ sì mi orí fún un pé kó fi í sílẹ̀. Ìyẹn náà wà nínú ohun tí ó yẹ ká sọ nípa rẹ̀. Nígbà náà ni Doris dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó fi ogún ọdún kéré sí Ṣìkẹ́mi, kò sì fi ìgbà kan bá a sọ̀rọ̀ láìfi ẹ̀yin pè é rí.

"Oṣù mọ́kànlá rèé tí mo ti da tèmi nù," Doris ní. "Ìwọ sì ń gbé tìẹ mì?"

Ṣìkẹ́mi tẹrí ba. Doris gbé ọmọ rẹ̀, ó jáde, kò sì padà wá sí apá ọ̀tún tàbí apá òsì.

Pásítọ̀ gbàdúrà fún Ṣìkẹ́mi ní ọjọ́ náà bí ẹni tí ọ̀tá gbéjà kò. Kò pé oṣù kan tó kó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìjọ lọ sí gbọ̀ngàn mìíràn. Àwọn kan sọ pé kò mẹ́nu kan oògùn mọ́, àwọn kan ní ó ṣì ń sọ ọ́. Ṣìkẹ́mi kò lọ wádìí. Èrò tó ṣẹ́kù sábẹ́ páànù kò ju ogójì lọ, orin wọn kò sì ròkè bíi tàtẹ̀yìnwá. Kò sẹ́ni tó jó pé òtítọ́ borí. Ṣìkẹ́mi sọ fún Bàbá Dáhùnsí pé òun kò yẹ lẹ́ni tó ń kọ́ni mọ́, ó rò pé bàbá á bẹ òun. Bàbá ní òótọ́ ni, kó lọ jókòó fún ọdún kan. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ló ń jókòó sí báyìí.

Ó kọ orúkọ àwọn obìnrin tó mọ̀ pé wọ́n ti pa oògùn tì, mọ́kànlá ni wọ́n, ó sì ń wá wọn lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn dúpẹ́. Àwọn mìíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí apá rẹ̀ òsì kò gbé mọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ gbogbo ohun tó wá sọ, ó ní kó jókòó, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi fún un mu. Ṣìkẹ́mi ní nínú gbogbo ilé tí òun wọ̀, omi yẹn ló ṣòro fún òun jù láti gbé mì.

Omoefe ni kò fẹ́ rí i. Gbogbo Sátidé ni Ṣìkẹ́mi ń se ọbẹ̀ lọ, Queen á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, á sọ jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì ń sùn, mà," àwọn méjèèjì á sì ṣe bí ẹni pé òótọ́ ni. Bó ṣe rí nìyẹn fún oṣù mẹ́jọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, Queen pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀. Nígbà tó dé, Omoefe wà ní àgbàlá, ó jókòó lórí àga, wọ́n ti so ẹsẹ̀ tuntun tí wọ́n ṣe fún un mọ́ orúnkún rẹ̀. Ó ti rù. Irun rẹ̀ ti funfun níwájú. Ó gbé ojú sókè wo Ṣìkẹ́mi.

"Queen ò lágbára tó," ó ní. "Ó ń jẹ́ kí n yẹ̀."

Ṣìkẹ́mi sún mọ́ ọn. Kò mọ bóyá kóun kúnlẹ̀ ni tàbí kóun dúró.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ tán," Omoefe ní. "Mò ń gbìyànjú ẹ̀. Di apá mi mú."

Ṣìkẹ́mi di apá rẹ̀ mú. Wọ́n dìde pọ̀. Omoefe gbé ẹsẹ̀ tuntun náà síwájú, ó tẹ̀ ẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún gbé èkejì. Wọ́n rìn dé ìdí omi ẹ̀rọ, wọ́n dúró kí Omoefe sinmi, wọ́n sì yí padà.